Kí Oyún Tó Dé: Ìtọ́jú Ara Ìyá àti Ọkàn Ọmọ Rẹ̀

    

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, àwọn kan ránṣẹ́ sí wa pé kí ni ó kan àáfà nínú ọ̀rọ̀ oyún, kí ni ó kan wàásì Rámádáànì nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà. A kò bínú sí wọn. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, àwa náà ì bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó gbé wa dé ìdí rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tọkọtaya kan gbé ọmọ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ọmọkùnrin ni, kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Bí ó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré díẹ̀, yóò lóṣòó sílẹ̀, yóò máa mí gúlegúle, ètè rẹ̀ yóò sì dúdú bí ẹni tí ó fi tàdáwà kùn ún. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Àáfà, ẹ gbà wá o. Àwọn ará ilé ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni.” A sọ fún un pé kì í ṣe ẹmẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ náà ni a ṣe: a kọ hàǹtú sí wàláà, a fọ̀ ọ́, a ní kí wọ́n máa fún un mu, a sì ṣe àdúà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀. Nínú oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, a kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúà kò burú. Ohun tí a kò sọ yẹn ni ó burú, a ó sì dúró níwájú Ọlọ́hun lórí rẹ̀.

Àbúrò ìyá ọmọ náà kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wá kí wọn láti ìlú míràn, tí ó fi etí lé ọmọ láyà, tí ó sì ní kí wọ́n dìde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá ihò nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún jù. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. Owó iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n ń wá kiri nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ó ní, “Bàbá Àáfà, kí ni mo ṣe?”

A kò ní èsì. Láti ìgbà náà ni a ti ń bi àwọn dókítà tí wọ́n ń kírun ní mọ́sáláṣí wa léèrè, tí a sì ń jókòó tì wọ́n kí wọ́n tú ohun tí wọ́n kà fún wa. Ohun tí a rí gbọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Èsì kìíní nìyí, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ìyókù: nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn, èyí tí ó pọ̀ jù ni kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ohun tí ó fà á. Bí a bá ka 100 ọmọ tí wọ́n bí láàyè káàkiri ayé, bí 1 nínú wọn ni yóò ní àléébù kan lára ọkàn rẹ̀, kékeré tàbí ńlá. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí olówó àti tálákà, sí ẹni tí ó tọ́jú ara rẹ̀ àti ẹni tí kò tọ́jú. Nítorí náà, ọkọ tí yóò gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wa lọ fi bú ìyàwó rẹ̀, a bẹ̀ ọ́, dá a padà. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn ọ̀nà kan wà tí a mọ̀ pé ewu lè gbà wọlé, ó sì tọ́ kí a ti ilẹ̀kùn wọn.

Nínú hádíìsì tí Nu'man ọmọ Bashir gbà wá, èyí tí Bukhari àti Muslim jọ kọ sílẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ọkàn sí ẹran kékeré kan tí dídára àti bíbàjẹ́ gbogbo ara rọ̀ mọ́. Àwa àáfà máa ń lo hádíìsì yìí fún ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti èrò inú, ibẹ̀ gan-an ni ó sì wà. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹran gidi ni. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Nínú Sùúrà Al-Mu'minun, ẹsẹ̀ 12 dé 14, Ọlọ́hun to bí Òun ṣe ń dá ọmọ nínú ìyá rẹ̀ ní ìpele-ìpele: omi, lẹ́yìn náà ohun tí ó so rọ̀, lẹ́yìn náà ohun tí ó dà bí ẹran tí a jẹ lẹ́nu, kí egungun àti ẹran ara tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ń ka ọjọ́ fún wa. Wọ́n ní nígbà tí yóò fi tó bí ọjọ́ 22 sí 23 lẹ́yìn tí omi ọkùnrin pàdé ẹyin obìnrin, ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi. Ní ọjọ́ yẹn, odindi ọmọ kò tí ì tó hóró ìrẹsì kan. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 8, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà nínú ọkàn, ògiri tí ó là wọ́n láàárín àti àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ ni a ti mọ tán.

Ẹ wá bá wa ṣe ìṣirò. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń sọ lọ́kàn pé bóyá wàhálà ọjà ni, ọkàn ọmọ ti ń lù nínú rẹ̀. Kí nǹkan oṣù tó fò ó nígbà kẹta, wọ́n ti kọ́ ilé náà dé òrùlé. Àṣà wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa obìnrin kì í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí títí oyún yóò fi yọ sí ìta. Àwọn àgbà ní kí wọ́n má tètè sọ, kí ayé má baà gbọ́. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún kí a tó béèrè irú sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà lò, ìpìlẹ̀ ti gbẹ. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń sọ pé kí oyún tó dé ni ìtọ́jú oyún bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni àwọn ọ̀nà náà? Èyí tí ó tóbi jù tí wọ́n sọ fún wa ni ìtọ̀ ṣúgà tí ó ti wà lára ìyá kí ó tó lóyún. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ láìsí ìdíwọ́. Bí ó bá pọ̀ jù ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí a ń mọ ọkàn lọ́wọ́, ó ń da iṣẹ́ rú, bí ìgbà tí omi bá pọ̀ jù nínú sìmẹ́ǹtì. Ògiri àárín lè má pàdé, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá lè gba ibi tí kò yẹ. Ewu àléébù ọkàn fún ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: bí ó bá kápá ṣúgà náà kí oyún tó dé, ewu yẹn ń lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ onítọ̀ ṣúgà ni ó ti bí ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Ìṣòro ni pé ẹni tí ó ní in lè má mọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́, òùngbẹ kàn ń gbẹ ẹ́, ó ní oòrùn ni.

Ní àwọn mọ́sáláṣí kan lónìí, wọn kì í so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ọkọ àti ìyàwó. Ohun rere ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ẹkún. Ní tiwa, a rò pé ó yẹ kí wọ́n fi àyẹ̀wò ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Kì í ṣe láti fi lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé ọkọ o. Láti fi mọ ẹni tí ó nílò oògùn ni. Àáfà tí ó bá fi èsì àyẹ̀wò ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọ̀rọ̀ ojúde, ó ti da àmáànà.

Ọ̀nà kejì, ẹ ó yà wá lẹ́nu, ọtí ni. Ẹ ó ní Mùsùlùmí kì í mutí. Òótọ́ ni, àlùhàmdúlíláì. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà létí títì? Kí ni wọ́n fi rẹ egbò inú rẹ̀? Ìyá wa kan tí kò jẹ́ fi ẹnu kan bíà títí ayé, ìyá ẹlẹ́bọ́rùn, ó ń mu ìkòkò kékeré kan láràárọ̀ nítorí ẹ̀yìn ń ro ó, ògógóró ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí a ti bi í léèrè, ó ní, “Àáfà, oògùn ni.” Ọmọ inú kò mọ̀ pé oògùn ni wọ́n pè é. Ọtí tí ìyá mu ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ, lára ohun tí ó sì ń bàjẹ́ ni ògiri ọkàn, yàtọ̀ sí ti ọpọlọ àti ojú. Omi ni kí ẹ fi se àgbo yín bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹni tí ó bá sì ń wá oyún, kí ó bi dókítà kí ó tó mu èyíkéyìí, nítorí àwọn egbò kan wà tí oyún kò fẹ́.

Sìgá náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin wa kì í sábà fà á, àwọn ọkọ wọn ni. Èéfín kì í mọ ẹni tí ó tan iná. Ọkùnrin tí ó ń fa sìgá nínú yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fa á, bí oyún bá sì dé, àwọn mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ oògùn gba ìfarabalẹ̀. Àwọn oògùn tí dókítà fún obìnrin fún àìsàn gidi wà tí kò bá oyún mu: irú valproate tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá, lisinopril tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, isotretinoin tí wọ́n fi ń pa irorẹ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí ohun tí àáfà wí lórí rédíò! Ẹni tí ó dédé fi oògùn wárápá sílẹ̀, gìrì lè gbé e ṣubú sínú iná. Kí ó lọ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń gbèrò oyún, kí ó bá a wá èyí tí ó bá oyún mu. Kí ó sọ ọ́ ṣáájú oyún.

Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní rùbẹ́là. Ibà díẹ̀ ni, ara a sì sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé a ní in, a lọ. Ní ọdún 1941, dókítà ojú kan ní Australia, Norman Gregg, ṣàkíyèsí pé àwọn ìkókó tí wọ́n ń gbé wá bá òun pẹ̀lú ojú funfun, ọ̀pọ̀ wọn ní àléébù ọkàn pẹ̀lú. Ó bi àwọn ìyá wọn, ó sì rí i pé àrùn kékeré yìí ni ó kọlu wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n a kì í gún un fún aláboyún. Kí oyún tó dé ni a ń gbà á, a ó sì dúró ní oṣù kan ó kéré tán kí a tó wá oyún.

Gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn tí a mọ láìpé. Apá kejì wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkàn tí a mọ pé, tí ọmọ dàgbà, tí ó di bàbá ọlọ́mọ, tí ọkàn náà wá ń dá a láàmú ní ọdún 50. Ṣé oyún tún wà nínú ìyẹn? Ó wà.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní Hertfordshire, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ethel Margaret Burnside, òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì tí ń bẹ àwọn ìkókó wò nílé-nílé. Láti ọdún 1911, ó ní kí wọ́n máa wọn gbogbo ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá pé ọdún kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà wà nípamọ́ títí dókítà kan, David Barker, fi rí i. Ní ọdún 1989, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lórí ọkùnrin 5,654 tí wọ́n bí ní àgbègbè náà láàárín 1911 sí 1930. Àwọn tí ìwọ̀n wọn kéré jù lọ́jọ́ ìbí àti ní ọdún kan, àwọn ni àìsàn ọkàn pa jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe ń lo àkọsílẹ̀. Obìnrin yẹn kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò mọ̀ pé òun ń kọ ìwé fún àwọn tí a kò tí ì bí.

Àwọn kan kọ́kọ́ jiyàn pé òṣì ni, pé ẹni tí a bí sínú òṣì ni yóò kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàn kan ti ṣẹlẹ̀ ní Netherlands tí kò yan olówó tàbí tálákà. Ní òpin ọdún 1944 sí ìgbà tí ogun parí ní 1945, àwọn Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọ́n ń pín fún ènìyàn lóòjọ́ lọ sílẹ̀ ju ìdajì ohun tí ara ń fẹ́ lọ, àwọn ènìyàn sì ń se isu òdòdó jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n lóyún wọn nínú ìyàn yẹn di ẹni àádọ́ta ọdún, bí 9 nínú 100 wọn ni wọ́n ní àìsàn ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ bí 3 nínú 100 láàárín àwọn tí ìyàn kò bá nínú oyún. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ yìí kò kéré nígbà tí wọ́n bí wọn. Oúnjẹ ti padà dé kí oṣù wọn tó pé, wọ́n sanra. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ebi ti bá wọn.

Nílé wa níbí náà ńkọ́? Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, a mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ ìlà-oòrùn rí. Àwọn onímọ̀ yẹ àgbàlagbà 1,339 wò ní Ẹnúgu, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn tí ebi ogun bá nínú oyún tàbí ní ìkókó, ẹ̀jẹ̀ wọn ru ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga jù. Ogun ti parí fún 40 ọdún nígbà náà, àwọn ènìyàn ti gbàgbé, ara kò gbàgbé.

A bi dókítà wa pé báwo ni ebi ìyá ṣe ń di ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ. Ó ní kí a wo kíndìnrín. Àwọn asẹ́ kéékèèké tí ó wà nínú kíndìnrín, tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, inú ìyá nìkan ni a ti ń ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ìbí, a kì í fi òmíràn kún un. Ọmọ tí oúnjẹ kò tó, asẹ́ díẹ̀ ni yóò bá wá sáyé, àwọn díẹ̀ yẹn ni yóò máa fi ipá ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ru. Ọkàn ni yóò wá máa fa ẹrù náà.

Ó tún sọ òmíràn tí kò kọ́kọ́ yé wa. Ó ní àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àkọsílẹ̀ náà kì í yí padà, ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà lórí rẹ̀ tí ń sọ bí ara yóò ṣe kà á. A rẹ́rìn-ín. A ní, “Dókítà, o ti bọ́ sílé kéwú.” Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kéwú mọ̀ ọ́n: lẹ́tà “bá” kan náà, bí àmì bá wà lókè rẹ̀ a kà á sí “ba,” bí ó bá wà nísàlẹ̀ a kà á sí “bi.” Lẹ́tà kò yí padà, kíkà ni ó yí padà. Ní Keneba, abúlé kan ní Gáńbíà tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣe ìwádìí láti nǹkan bí 1950, abúlé Mùsùlùmí bíi tiwa, ìgbà òjò ni ìgbà ìyàn wọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oúnjẹ ń wà. Àbọ̀ kan tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ ní ìgbà òjò àti èyí tí wọ́n lóyún rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àmì yìí yàtọ̀ ní àwọn ibì kan lára wọn, ó sì bá ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn ní àsìkò tí oyún dé mu.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé kí a máa jẹun yó bámúbámú ni èsì rẹ̀. Àjẹjù náà ní tirẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí ara ìyàwó kún. A ó ní, “Ó ń rí jẹ nílé ọkọ.” Ṣùgbọ́n ara tí ó sanra jù ní ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn méjèèjì sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní 2021, wọ́n gbé àbọ̀ jáde lórí ìyá àti ọmọ 2,302 láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Àwọn ìyá tí ìwọ̀n ara, ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti ọ̀rá wọn dára nínú oyún, tí wọn kì í mu sìgá, àwọn ọmọ wọn ni tiwọn dára jù nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 10 sí 14. Dókítà wa kìlọ̀ pé èyí kò tíì fi hàn pé oyún nìkan ni ó fà á, nítorí ìyá àti ọmọ jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò tí obìnrin lè dín sísanra kù ni kí oyún tó dé. Inú oyún kọ́ ni a ti ń febi pa ara wa.

Nínú Sùúrà Al-A'raf, ẹsẹ̀ 31, Ọlọ́hun gbà wá láàyè láti jẹ kí a sì mu, Ó sì kọ àṣejù. Ẹ wo tábìlì ìṣínu wa. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan, ṣúgà inú rẹ̀ tó ṣíbí tíì mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọmọ wa obìnrin yóò sì mu méjì lórí inú òfìfo. Lẹ́yìn náà dòdò, lẹ́yìn náà búrẹ́dì. Dàbínù àti omi ni sunnah, ẹ jẹ́ kí ó tó. Ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ẹja, ìwọ̀nyí kò wọ́n bí ẹran, àwọn sì ni ara obìnrin tí ń wá oyún ń fẹ́. Kí ó fi oògùn fólíkì ásíìdì kún un, ìwọ̀n 400 máíkírógíráàmù lóòjọ́, láti oṣù kan ó kéré tán ṣáájú oyún títí oyún yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ ni a mọ̀ dájú pé ó ń dáàbò bò. Wọ́n ń tà á ní ilé oògùn, kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìfètò sí ọmọ bíbí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n a ó sọ tiwa. Ọlọ́hun dárúkọ ọdún méjì fún ọmú nínú Sùúrà Al-Baqarah, ẹsẹ̀ 233. Àjọ ìlera àgbáyé náà ní kí ìyá dúró tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbí kí ó tó tún lóyún. Oṣù mẹ́rìnlélógún àti ọdún méjì, ṣé ẹ rí i pé ọ̀kan náà ni? Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tí ì padà bọ̀ sípò láti orí oyún àná ni a tún ń gbé ẹrù lé. Ẹsẹ̀ kan náà ni ó sì fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá sí ọrùn bàbá. Nítorí náà, bàbá tí kò gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ó má bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ kéré.

Ìyá ọmọ tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ padà wá bá wa lẹ́yìn ọdún kan. A ti ní èsì. A sọ fún un pé kò sí ohun tí ó ṣe tí a lè tọ́ka sí, a sì tọrọ àforíjìn lórí oṣù mẹ́rin tí a fi dá a dúró. Ó sunkún, àwa náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ó ń lo oògùn fólíkì rẹ̀ kí oyún mìíràn tó dé, ó sì tètè lọ sọ fún agbẹ̀bí pé àkọ́bí òun ní àléébù ọkàn, nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo ọkàn ọmọ inú rẹ̀. Obìnrin ni ó bí. Ó ń sáré lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí wa títí di òní, ariwo rẹ̀ pọ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn obìnrin fi ránṣẹ́ jù. Wọ́n ní bí àwọn bá ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn tó mọ̀ pé oyún ti wà, ńkọ́? Ààwẹ̀ yín dára, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀, ẹ wo ara yín. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù fún ara yín tàbí fún ọmọ, tàbí dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣínu. Anas ọmọ Malik al-Ka'bi gbà á wá lẹ́nu Ànábì pé Ọlọ́hun ti gbé ààwẹ̀ kúrò lórí aláboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú, Tirmidhi sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní mọ́sáábà Maliki tí àwa ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Risala ti Ibn Abi Zayd, aláboyún tí ó ṣínu nítorí ẹ̀rù yóò san án padà lẹ́yìn náà, kò ní bọ́ mìsìkínì. Ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú ni yóò san án padà tí yóò sì bọ́ mìsìkínì. Ní ti ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ó sì ń retí oyún, kí ó má dúró di alẹ́ tí a rí oṣù. Nínú Ràjábù tàbí Ṣàábáánì ni kí ó ti lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀ àti lórí oògùn rẹ̀, bí dókítà bá sì ní kí ó má gbà á, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún aláìsàn nínú Sùúrà Al-Baqarah, ẹsẹ̀ 184 àti 185, ti ká a mọ́. Kí ìyá ọkọ rẹ̀ má wò ó ní ìwòkuwò bí ó bá ń mu omi lọ́sàn-án.